Owó dípò ẹ̀bùn ìgbéyàwó: ọ̀nà tí ẹ lè gbà béèrè, àti bí ẹ ó ṣe yan èyí tó yẹ yín

Tọkọtaya tó ti ń gbé pọ̀ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó kì í sábà nílò ìkòkò mìíràn. Àwo wà nílé, aṣọ ìbùsùn wà, áyọ́ọ̀nù sì ti di méjì torí oníkálukú ló mú tirẹ̀ wá. Ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn ni owó ilé, gbèsè ilé-ìwé, tàbí ìrìn-àjò tí wọ́n ti ń sún síwájú tipẹ́. Kò sí ohun ìtìjú kankan nínú pé owó ló máa wúlò fún wọn jù. Bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ tí ẹni tó gbọ́ ọ kò fi ní rò pé wọ́n bu owó lé òun lórí ló le.

Ìdí tí ti owó fi ṣòro ju ti ẹrù lọ kò jìnnà. Ẹrù máa ń bo iye tí wọ́n rà á mọ́ra. Ẹni tó gbé aago ògiri wá, ẹ ò mọ̀ bóyá ó rà á lówó gọbọi ni, tàbí ó bá a níbi tí wọ́n ti ń tà á ní ẹ̀dínwó. Owó kò bo nǹkan kan. Bó ti ń wọlé ló ń sọ iye ara rẹ̀, àlejò náà sì mọ̀ pé ẹ ó kà á. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni mo fi ń wọn gbogbo ọ̀nà tó wà níbí. Ta ló dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀, ṣé ẹ̀yin ni àbí àlejò tó béèrè? Ṣé àlejò lè mú ohun tó kéré wá, tàbí kó má mú nǹkan kan wá rárá, kí ojú má sì tì í? Ọ̀rọ̀ bóyá ọ̀nà náà rọrùn, iye tí wọ́n ń yọ lórí owó, àti ewu jìbìtì, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ń wò wọ́n.

Àwọn kan á ní béèrè owó kò bójú mu rárá, pé àkọsílẹ̀ ẹ̀bùn, ìyẹn orúkọ ẹrù tí tọkọtaya kọ sílẹ̀ pé àwọn fẹ́, ló yẹ ọmọlúàbí. Ó máa ń yà mí lẹ́nu. Ilé ìtajà Marshall Field's ní Chicago ló gbé àkọsílẹ̀ ẹ̀bùn ìgbéyàwó jáde lọ́dún 1924, kí àwọn tó ń ṣègbéyàwó lè sọ ohun tí wọ́n fẹ́, kí àlejò méjì má baà ra ohun kan náà. Bíbéèrè náà ni. Tọkọtaya tó kọ ẹ̀rọ kọfí olówó ńlá sínú àkọsílẹ̀ ti béèrè ju àwọn tó ní "ohunkóhun tó bá rọ̀ yín lọ́rùn" lọ, àmọ́ torí pé ọjà ni, kò sẹ́ni tó bá wọn wí.

Kí ẹ dákẹ́, kí ẹbí máa sọ fún ẹni tó bá béèrè

Ọ̀nà tó pẹ́ jù lọ nìyí, òun náà ló sì ní ọ̀wọ̀ jù. Ẹ ò kọ nǹkan kan síbì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á bi màmá ìyàwó, ẹ̀gbọ́n ọkọ, tàbí ọ̀rẹ́ tó dúró tì yín, ìyẹn á sì dá a lóhùn. Àlejò ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, etí tó fẹ́ gbọ́ nìkan ló gbọ́.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kì í dé bó ṣe kúrò lẹ́nu ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ ní "owó ló máa ràn wá lọ́wọ́ jù", nígbà tó fi máa kan ẹnu kẹrin, ó ti di "wọ́n ní àwọn ò gba ẹrù o." Ẹ má fi í sílẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n sọ ọ́ bó bá ṣe wá sẹ́nu wọn. Ẹ fún wọn ní gbólóhùn kan pàtó, kúkúrú, tí ẹnikẹ́ni lè há sórí. Àwọn tó sì jìnnà sí ẹbí, bí ẹlẹgbẹ́ yín níbi iṣẹ́, kò ní mọ ẹni tí wọn máa bi. Bí ìgbéyàwó yín bá kéré, tí gbogbo ẹni tí ẹ pè sì mọ ẹbí yín, mi ò rí ohun tí ẹ tún ń wá kiri.

Lórí ìwé ìpè fúnra rẹ̀

Èyí ni wọ́n máa ń jà lé lórí jù, ibi tí ẹ wà ló sì máa sọ ẹni tó jàre. Ní Netherlands, àwòrán àpòòwé kékeré kan nísàlẹ̀ ìwé ìpè ti tó. Gbogbo ẹni tó rí i mọ̀ pé owó ni wọ́n ń fẹ́, kò sì bí ẹnikẹ́ni nínú. Ní Jámánì náà, kì í ṣe ohun àjèjì kí tọkọtaya kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé àwọn ń tu owó jọ fún nǹkan kan. Àmọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, òfin àtijọ́ àwọn tó ń kọ́ni ní ìwà níbi ayẹyẹ ni pé kí ìwé ìpè má sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn rárá, ì báà jẹ́ owó, ì báà jẹ́ ẹrù.

Mo fara mọ́ òfin yẹn níbikíbi tí àṣà kò bá tíì yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìwé kan náà kò gbọ́dọ̀ máa sọ pé "ẹ wá" kó tún máa sọ pé "ẹ mú un wá". Ẹni tó ń ṣírò bóyá òun á rí owó ọkọ̀ débẹ̀ á ka ìlà kejì, á sì rò ó pé bóyá kóun kúkú jókòó sílé. Níbi tí àwòrán àpòòwé ti jẹ́ àṣà, kò sí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní tòótọ́, ìlú ló ti bá yín sọ ọ́ kí wọ́n tó bí yín. Níbi tí kò ti jẹ́ àṣà, ẹ̀yin ni.

Àwọn tó ń sá fún ìjà yìí máa ń kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan, wọ́n á sì fi sínú àpòòwé kan náà pẹ̀lú ìwé ìpè. Ó sàn díẹ̀, díẹ̀ péré. Ọjọ́ kan náà ni àlejò gba méjèèjì, ìṣẹ́jú kan náà ló sì kà wọ́n. Ní ti ewì kéékèèké tí wọ́n máa ń kọ sórí ìwé bẹ́ẹ̀, èyí tó ń fi owó ṣe àwàdà, tí wọ́n á ní àwọn ti ní ṣíbí tó, kí ẹ bá àwọn ki àpò, mo mọ̀ pé ojú ló ń tì wọ́n. Àmọ́ àwàdà kì í bo ìtìjú, ńṣe ló ń tọ́ka sí i. Gbólóhùn kan ṣoṣo tó ṣe tààrà níyì jù ú lọ.

Ojú òpó ìgbéyàwó

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya báyìí ló ń ṣe ojú òpó kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń kọ àkókò, àdírẹ́sì, ibi tí àlejò lè sùn, àti irú aṣọ tó yẹ sí. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn bá wà níbẹ̀, ohun pàtàkì kan ti yí padà: àlejò ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá a lọ. Ẹni tí kò fẹ́ mọ̀ kò ní ṣí ojú ìwé yẹn. Ìwé ìpè yín á mọ́ tónítóní, á kàn ní líǹkì tí wọ́n ti lè rí gbogbo àlàyé. Fún ìgbéyàwó tí àlejò ti ń wá láti ibi púpọ̀, èyí ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ẹ kíyè sí ibi tí ẹ gbé e sí. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ owó ṣe ohun àkọ́kọ́ tí ojú máa bá, ẹ ti sọ àǹfààní náà nù. Ẹ fi í sẹ́yìn, lẹ́yìn àdírẹ́sì, lẹ́yìn ibi tí wọ́n máa gbé ọkọ̀ sí. Àwọn àgbà tí kì í lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní rí i, ìyẹn kò sì burú: àwọn gan-an ni wọ́n máa ń bi ẹbí, nítorí náà ẹ da ọ̀nà àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ọn.

Nọ́ńbà àkáǹtì àti kóòdù

Ẹ jẹ́ ká pín èyí sí méjì, torí ohun kan náà ni wọ́n máa ń pè wọ́n, wọn ò sì jọra. Bí àlejò bá kọ̀wé sí yín pé "ẹ fún mi ní nọ́ńbà àkáǹtì yín", tí ẹ fi ránṣẹ́ sí òun nìkan, kò sí ohun tó rọrùn tó o. Bí ẹ bá jù ú sínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí èèyàn ọgọ́rùn-ún wà, tí àwọn tí ẹ ò pè síbi ìgbéyàwó sì wà níbẹ̀, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn. Ẹni tí a kò pè kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ owó wa. Òfin yìí, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti lè yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbẹ̀.

Wàhálà mìíràn ni jìbìtì. Nọ́ńbà tó ti rìn kiri, ẹnikẹ́ni lè ṣe àdàkọ ìkéde náà, kó fi nọ́ńbà tirẹ̀ rọ́pò, kó sì tún un fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán yín lókè. Ẹ sọ fún àwọn èèyàn yín ṣáájú pé ẹ ò ní yí nọ́ńbà padà, àti pé bí wọ́n bá rí ìkéde tó ní ẹ ti yí i, kí wọ́n pè yín lórí fóònù kí wọ́n tó san kọ́bọ̀.

Ní ti kóòdù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ibi ayẹyẹ, kí àlejò fi fóònù yà á kó sì sanwó, ó dà bí ibi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ àpótí káàdì, kí ó kéré, kí ẹni tó ń wá a rí i, kí ẹni tí kò wá a sì kọjá lọ. Ẹ sì rántí pé nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, ìfowóránṣẹ́ báǹkì ló tú iye síta jù. Orúkọ àti iye ló ń bọ̀ sórí fóònù yín pa pọ̀, lójú ẹsẹ̀, láìsí káàdì, láìsí àdúrà.

Àpótí níbi ayẹyẹ

Àpótí tàbí agbọ̀n kan wà lórí tábìlì, ẹni tó bá mú àpòòwé wá á jù ú síbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun. Mo fẹ́ràn èyí, torí òun ló dá ìbòjú padà fún owó. Àwọn ará Jàpáàn ló mọ ọ̀nà yìí ṣe dáadáa jù: owó tuntun tí wọn kò tíì ká pọ̀ rí ni wọ́n ń fi sínú àpòòwé pàtàkì kan, wọ́n á fi okùn ọ̀ṣọ́ dì í ní kókó tí kì í rọrùn tú, wọ́n á sì yẹra fún iye tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba, kí tọkọtaya má baà pínyà. Ara àpòòwé kejì, tó wà nínú ti òde, ni wọ́n ń kọ iye sí. Àwọn ará Ṣáínà ń lo àpòòwé pupa, wọn kì í sì í fi nọ́ńbà mẹ́rin sínú iye, torí ìró rẹ̀ sún mọ́ ti ikú lédè wọn. Lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, kò sí tọkọtaya tó ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí bí òun ṣe máa béèrè.

Ohun tó lè ba àpótí jẹ́ ni olè. Àlejò tí ẹ ò mọ̀, òṣìṣẹ́ gbọ̀ngàn, ẹni tó kàn wọlé ní aṣọ dáadáa: ẹnikẹ́ni lè gbé e. Ẹ yan ẹnì kan tí kì í mutí, kó máa wò ó, kó sì gbé e sínú ọkọ̀ tàbí yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ kí ijó tó gbóná.

Owó fún ohun kan pàtó

Dípò kí ẹ ní "owó", ẹ ní "ìrìn-àjò wa", "ilé wa àkọ́kọ́", "ọgbà tí a fẹ́ gbìn". Àwọn ojú òpó kan wà tó máa bá yín gé e sí wẹ́wẹ́: alẹ́ kan ní òtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ méjì létí òkun, owó ọkọ̀ ojú omi. Àlejò á yan èyí tó bá agbára rẹ̀ mu. Ó ń ṣiṣẹ́ torí pé àlejò tún rí nǹkan tó lè rò lọ́kàn. Oúnjẹ alẹ́ ló rà fún yín, kì í ṣe owó ló kà lé yín lọ́wọ́.

Mẹ́ta ni ohun tó ń ba èyí jẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ wò wọ́n kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ojú òpó á yọ owó tirẹ̀. Ó sábà máa ń tó ìdá 2 tàbí 3 nínú ọgọ́rùn-ún bí wọ́n bá fi káàdì san án. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀yin ló máa rù ú tàbí àlejò. Àwọn ojú òpó míì sì máa ń kọ orúkọ àti iye jáde kí gbogbo ayé rí i, tàbí kí wọ́n ya ìlà tó ń fi hàn bí owó ṣe ń lọ sókè. Ẹ pa á. Bí kò bá ṣeé pa, ẹ wá ojú òpó mìíràn, torí ẹni tó ní díẹ̀ kò ní fẹ́ kí orúkọ òun wà nísàlẹ̀ ti ọ̀gá òun. Èyí tó kẹ́yìn ni òótọ́. Bí ẹ bá ní ìrìn-àjò, tí ẹ wá fi san gbèsè, àlejò tó bi yín pé "báwo ni òkun ṣe rí?" á mọ̀. Bí kò bá tíì dá yín lójú, ẹ kọ ohun tó gbòòrò, bí "ìbẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé wa".

Ẹ jẹ́ ká tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn:

| Ọ̀nà | Ta ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀? | Ṣé iye fara pamọ́? | Ohun tó lè bà á jẹ́ |
|---|---|---|---|
| Ẹnu ẹbí | Àlejò | Bẹ́ẹ̀ ni | Ọ̀rọ̀ yí padà lẹ́nu |
| Ìwé ìpè | Ẹ̀yin (àfi níbi tó jẹ́ àṣà) | Ó kù sọ́wọ́ àlejò | Ó ń lé ẹni tí kò ní sẹ́yìn |
| Ojú òpó ìgbéyàwó | Àlejò | Ó kù sọ́wọ́ ètò yín | Àwọn àgbà lè má rí i |
| Nọ́ńbà àkáǹtì fún ẹni tó béèrè | Àlejò | Rárá | Kò ní káàdì, kò ní ọ̀rọ̀ |
| Nọ́ńbà àkáǹtì nínú ẹgbẹ́ | Ẹ̀yin | Rárá | Jìbìtì, ìbínú |
| Àpótí | Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ | Bẹ́ẹ̀ ni | Olè |
| Owó fún ohun pàtó | Ẹ̀yin, àmọ́ ní pẹ̀lẹ́ | Díẹ̀ | Owó tí wọ́n ń yọ, ìlérí |

Kò pọn dandan kí ẹ mú ẹyọ kan. Èyí tí mo máa ń dábàá jù ni àpapọ̀: ojú òpó tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, àpótí níbi ayẹyẹ, àti àkọsílẹ̀ ẹ̀bùn kékeré kan tó ní ohun bíi mẹ́wàá tí iye wọn yàtọ̀ síra. Àkọsílẹ̀ yẹn kì í ṣe àfikún lásán. Àwọn kan wà tí ọwọ́ wọn kì í gbà á láti fún èèyàn lówó, wọ́n fẹ́ fún yín ní nǹkan tí ẹ ó máa rí nílé. Bí ẹ ò bá kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún wọn, àwokòtò tí ẹ kò ní lò láé ni wọ́n máa rà.

Ọ̀nà kan wà tí mi ò fẹ́ràn rárá, ìyẹn ni kí ẹ kọ "ẹ má mú ẹ̀bùn wá" nígbà tó jẹ́ pé owó ni ẹ ń retí. Àwọn kan á gbà yín gbọ́, wọ́n á sì wá lọ́wọ́ òfo, ẹ̀yin á sì bínú sí ẹni tó ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe. Bí ẹ bá kọ ọ́, kó jẹ́ òótọ́.

Gbólóhùn méjì, ìtumọ̀ kan

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí:

"Owó nìkan la ń gbà." Ẹ fi wé: "Wíwá yín ti tó wa. Bí ẹ bá tún fẹ́ fún wa ní nǹkan, a ń tu owó jọ fún ilé wa àkọ́kọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ẹrù wá o." Ẹ fi wé: "Ọlọ́run ti ṣe é, ohun èlò ilé wa ti pé. Bí ẹ bá fẹ́ fún wa ní nǹkan, a ó fi ayọ̀ gbà á."

Gbólóhùn kejì níbi méjèèjì ní ilẹ̀kùn tí àlejò lè gbà jáde. "Bí ẹ bá fẹ́" ló ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ má yọ ọ́ láé, bó ti wù kí àyè kéré tó. Ẹ má dá iye kan. Ẹ má sọ "ó kéré tán". Ẹ má sì ṣírò iye tí àwo oúnjẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan ná yín fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni ẹ yan gbọ̀ngàn, àlejò kò bá yín yàn án.

Bí ẹnì kan bá bi yín lójú kojú pé kí ni kóun mú wá, ẹ dá a lóhùn. "Ohunkóhun, Àǹtí" dà bí ìwà pẹ̀lẹ́, àmọ́ ẹ ti dá iṣẹ́ padà sọ́rùn ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́. "Ẹ ṣé, Àǹtí. Ká sòótọ́, owó ló máa wúlò jù fún wa báyìí, àmọ́ ohun tó bá tọkàn yín wá, a ó fi ayọ̀ gbà á." Ó tán.

Àwọn tí ẹ ó yọ sílẹ̀

Ọ̀gá kì í fi ọ̀rọ̀ owó ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, torí wọn kò lómìnira láti kọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí líǹkì náà látọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó wọ ọkọ̀ òfurufú wá, tó sanwó òtẹ́ẹ̀lì, ẹ sọ fún un tẹnutẹnu pé wíwá rẹ̀ ni ẹ̀bùn, kí ẹ sì sọ ọ́ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó bá yín ṣe ìgbéyàwó àkọ́kọ́, tí ẹ wá ń ṣe ìkejì, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn sí iwájú wọn rárá. Ẹni tó bá fẹ́ á béèrè.

Lẹ́yìn tí owó ti wọlé

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Owó ló tètè ń jẹ́ kí èèyàn gbàgbé èyí, torí kò sí ohun kankan tó dúró nílé tó máa rán yín létí. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ orúkọ sí bí àpòòwé ṣe ń ṣí, kí káàdì àti owó má baà pínyà. Nínú ìwé ọpẹ́, ẹ má kọ iye. Ẹ kọ ohun tó ṣe: "ẹ wà lára àwọn tó ra fèrèsé yàrá wa." Ìwé ọpẹ́ kan tí ẹ kọ fún gbogbo èèyàn pọ̀ kò tó fún ẹni tó fún yín lówó, kí oníkálukú gba tirẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta, kó má sì jẹ́ pé ẹni tó fún yín ní púpọ̀ ló gba ìwé gígùn. Ẹni tí kò mú nǹkan kan wá, ẹ dúpẹ́ wíwá lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Bí ìgbéyàwó náà kò bá wá wáyé mọ́, owó ń padà ni. Gbogbo rẹ̀, sọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó béèrè. Bí ojú òpó bá ti yọ tirẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi owó yín dí i. Ìdí kan nìyí tí mo fi ń sọ fún tọkọtaya pé kí wọ́n má ná owó tó bá wọlé kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, bó ti wù kí wọ́n nílò rẹ̀ tó.